Súìtì Dúdú Pa Herbert

Bí wọ́n bá dárúkọ Pa Herbert Olúbọ̀dé ní gáréèjì Kútò, ọ̀rọ̀ Babájídé ni wọ́n á kọ́kọ́ rántí. Babájídé ń ṣiṣẹ́ ní báńkì ní Ìkẹjà, àràárọ̀ ló sì ń wọ bọ́ọ̀sì lọ síbẹ̀. Lọ́jọ́ kan, Pa Herbert jókòó tì í, ó sì bẹ̀rẹ̀ ìtàn tó máa ń sọ fún gbogbo èrò ọkọ̀: ìgbà tí Ìkẹjà kún fún ilé-iṣẹ́, tí wọ́n ń hun aṣọ níhìn-ín, tí wọ́n ń ṣe abọ́ àti bàtà lọ́hùn-ún, tí òun náà sì ń se súìtì dúdú nílé-iṣẹ́ àwọn òyìnbó kan.

"Bàbá, ẹ má bínú," Babájídé ní, "wọn ò ṣe súìtì dúdú kankan ní Ìkẹjà rí."

"Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Gba ọ̀kan jẹ ná."

Babájídé jù ú sẹ́nu. Súìtì náà lẹ eyín òkè mọ́ tìsàlẹ̀ pinpin. Láti Kútò títí dé Ìfọ̀, kò lè la ẹnu, Pa Herbert sì ń sọ̀tàn lọ láìsí alátakò: ta ló kọ́kọ́ kó ẹ̀rọ dé, ìgbà wo ni ṣúgà gbówó lórí, ilé-iṣẹ́ wo ló kọ́kọ́ tilẹ̀kùn. Nígbà tí ẹnu Babájídé là, ohun tó kọ́kọ́ sọ ni, "Dírẹ́bà, mo fẹ́ sọ̀!" Bẹ́ẹ̀ Ìkẹjà ṣì jìnnà.

Líkórísì ni orúkọ súìtì ọ̀hún. Gbòǹgbò igi kan láti òkè òkun ni wọ́n fi ń ṣe é. Ó dùn díẹ̀, ó níyọ̀ díẹ̀, ó sì ń rùn bí oògùn ikọ́. Àwọn ọmọdé á tọ́ ọ wò, wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á lọ tu ú dànù ní kọ̀rọ̀. Pa Herbert mọ̀, kò sì yéé fún wọn.

Ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ní Ìtòkú ló ti ń sè é, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí Àfúsá aládìrẹ ti ń pa aṣọ láró. Lọ́jọ́ kan tí ojú ń kán Àfúsá, ó rí ìkòkò kan tí omi dúdú wà nínú rẹ̀, ó ki odindi aṣọ bọ̀ ọ́. Kí aṣọ náà tó gbẹ, èèrà ti bò ó.

Pa Herbert yarí. "Àfúsá, aṣọ rẹ ti mu súìtì mi tán. San owó ẹ̀!"

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ gbé ìkòkò yín sáàárín àró! Aṣọ ọ̀hún rèé. Ẹ máa lá owó yín níbẹ̀."

Ó kọ̀ láti lá a níwájú èèyàn. Ṣùgbọ́n Àfúsá búra pé nírọ̀lẹ́, òun rí i tó ń tọ́ etí aṣọ náà wò.

Ẹni tí kì í bá wọn rẹ́rìn-ín ni Màmá Beatrice, ìyàwó rẹ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Ilé-iṣẹ́ náà ti kógbá sílé kó tó mọ Pa Herbert, kò sì pàdé ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n. Irọ́ ló pè é. Pa Herbert bá mú un lọ sí Ìkẹjà. Ibi tó nawọ́ sí, ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta àga ló wà níbẹ̀, gáàdì ẹnu géètì sì ní òun ò gbọ́ nípa súìtì rí.

"Bàbá Tolúlàṣẹ," Màmá ní nígbà tí wọ́n délé, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká gbàgbé ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀ ń dójú tì wá."

Pa Herbert ò jẹun alẹ́. Láti ọjọ́ náà títí tó fi kú lọ́dún tó kọjá, ohun kan tó ń wá ni kí ìyàwó rẹ̀ gba òun gbọ́. Kò rí i gbà, àánú rẹ̀ sì ṣeni.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ìyá àgbà kan wá kí wọn láti Agége. Ó ní Bùsírátù lorúkọ òun, pé orí rédíò lòun ti gbọ́. Wọ́n gbé súìtì tó kù sílé fún un. Gbogbo ilé ń wò ó bóyá yóò tu ú. Kò gé e jẹ rárá. Abẹ́ ahọ́n ló fi í sí, ó ń lá a díẹ̀díẹ̀, ó wá mi orí.

"Herbert ò yí padà," ó ní. "Iyọ̀ ti pọ̀ jù! Gbogbo àwa tí à ń wé súìtì sínú bébà la máa ń bá a jà lórí iyọ̀ yìí."

"Ẹ̀ ń wé súìtì?" Màmá Beatrice ní. "Níbo?"

"Ìkẹjà ni. Àga ni wọ́n ń tà níbẹ̀ báyìí."

Màmá Beatrice bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún mọ́ ọn lẹ́nu. "Bàbá Tolúlàṣẹ, ẹ foríjì mí o," ó ní. Nígbà tó nu ojú tán, ó fa àga sún mọ́ àlejò rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ sọ ọ́ fún mi," ó ní. "Ẹ bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀."