Fèrèsé Kẹfà

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá fèrèsé rẹ̀ ti ń bàjẹ́, kó má wo ojú rẹ̀. Ojú fèrèsé a máa purọ́. Ọ̀dà lè máa dán lára igi tí inú rẹ̀ ti di ìyẹ̀fun. Ìsàlẹ̀ ni kó wò, níbi tí férémù ti fara kan ògiri. Kó mú ìṣó gígùn kan, kó fi tì í. Bí ìṣó bá kọ̀ tí kò wọlé, kò séwu. Bó bá wọlé bí ìgbà tí èèyàn fi ìka gún ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n jù, kó yáa wá káfíńtà, kó má dúró de òjò.

Yàrá méjì tí a háyà ní Marcory, àdúgbò kan ní Abidjan, ni mo ti kọ́ èyí, nígbà tí mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún. Mo ti ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ilé ìwé kan nígbà náà, mò ń tẹ ìwé fún wọn, mo sì rò pé mo gbọ́n. N ò mọ ohunkóhun nípa igi.

Ọmọ Ìgbòho ni bàbá mi. Ìṣó, àgádágodo àti ìdè irin tí wọ́n ń fi so ìlẹ̀kùn mọ́ férémù ló ń tà ní ọjà Adjamé. Ó ti lò ju ọgbọ̀n ọdún lọ ní Abidjan, ìdajì àwọn tó ń kọ́lé ládùúgbò ọjà yẹn ló sì ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n fèrèsé yàrá tí òun àti ìyá mi ń sùn, okùn ni wọ́n fi dè é kó má baà já bọ́. Ìdè irin rẹ̀ ti jẹrà. Ẹni tó ń ta ìdè irin fún gbogbo ayé ló ń fi okùn de fèrèsé tirẹ̀.

Bàbá mi kì í ṣe ahun o. Ohun tó gbà gbọ́ ni pé Abidjan kì í ṣe ilé. "Ilé làbọ̀ sinmi oko," bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí. Oko ni Abidjan, ilé ni Ìgbòho, ta ló sì ń fi igi gidi ṣe fèrèsé ahéré? Bí gbogbo àwọn àgbà wa ṣe ń ronú nìyẹn. Ẹnì kan lè máa gbé abẹ́ páànù tó ń jò ní Abobo, kí wọ́n máa kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì fún un nílé, kó jẹ́ ewúrẹ́ àdúgbò nìkan ni yóò máa gbénú rẹ̀. Àwa ọmọ tí wọ́n bí síbí, tiwa ni ká máa wò.

Ó wá ní kí wọ́n kan fèrèsé ìrókò mẹ́fà fún ilé rẹ̀ ní Ìgbòho. Fèrèsé tó rẹwà ni. Wọ́n fi àpò wé wọn, wọ́n sì tò wọ́n ti ògiri yàrá, kí ọkọ̀ ẹrù tó ń gba Ghana àti Togo kọjá lè wá kó wọn. Ọdún kejì ló ń lọ yẹn tí wọ́n ti wà níbẹ̀, nítorí pé ògiri ilé tó wà ní Ìgbòho kò tíì ga dé ojú fèrèsé. Apá ibi tó gbẹ nínú yàrá ni wọ́n tò wọ́n sí. Abẹ́ fèrèsé tó ń jò ni bẹ́ẹ̀dì ìyá mi wà.

Ìyá mi ń wúkọ́. Ikọ́ náà bẹ̀rẹ̀ nígbà òjò, a sì rò pé òtútù lásán ni, ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ dé, kò lọ. Ògiri ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ní àmì dúdú tótòtó. Ó máa ń fi kànrìnkàn fọ̀ ọ́, á sì tún yọ. Bó bá gun àkàsọ̀ mẹ́ta tó wọ ilé wa, á ní láti jókòó kó tó lè sọ̀rọ̀. Dókítà wí fún mi ní gbangba pé bó bá tún sùn nínú ọ̀rinrin yẹn ní àsìkò òjò ńlá tó ń bọ̀, àyà rẹ̀ kò ní gbà á. Oṣù méjì péré ló kù kí òjò náà dé.

Mo kọ́kọ́ lọ bá onílé pé kó tún fèrèsé náà ṣe. Kì í ṣe pé kò gbọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá sùn la ń jí, a kì í jí apirọrọ. Ní àsìkò yẹn, ọ̀rọ̀ ta ni onílùú, ta ni àlejò, ló gbóná lẹ́nu gbogbo èèyàn. Ó ní kí ni ẹ̀yin àlejò fẹ́ fi fèrèsé tuntun ṣe, ṣebí ẹ ó padà sílùú yín láìpẹ́. Ní Abidjan ni wọ́n bí mi. Ibẹ̀ ni mo ti kàwé, èdè Faransé mi sì já gaara ju tirẹ̀ lọ. Inú bí mi gan-an.

Mo bá lọ bá bàbá mi. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká lo ọ̀kan nínú fèrèsé mẹ́fà yẹn. Une seule, ẹyọ kan péré. Torí Màmá."

Ó wò mí bí ẹni pé mo ní kó ta orúkọ ìdílé. Ó ní fèrèsé ilé kì í ṣe fún ilé onílé, àti pé tí ìyá mi bá dé Ìgbòho, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ á wo ikọ́ rẹ̀ sàn. Ó ní, "A ò ní pẹ́ lọ."

Ohun tó dùn mí jù lọ nìyẹn: ọ̀rọ̀ kan náà ni onílé tí kò fẹ́ rí wa àti bàbá tó bí mi jọ ń sọ. Àwọn méjèèjì gbà pé a ò sí níbẹ̀. Ìyá mi sì wà níbẹ̀, ó ń wúkọ́. Mo pinnu pé n kò ní bi ẹnikẹ́ni mọ́.

Mo dúró di ọjọ́ Jímọ̀, nítorí bàbá mi kì í wálé láàárín ìrun Jímọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Bó ti jáde, mo pe káfíńtà kan, arúgbó tó ń sọ Dyula, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́yìn àdúgbò wa. Ó kọ́kọ́ ní kí n wá ìṣó gígùn kan fún òun, mo mú un nínú ìṣó ọjà bàbá mi, ó tì í mọ́ ìsàlẹ̀ férémù àtijọ́, ìṣó náà sì wọlé títí dé orí. Ó fi bí ikán ṣe fi amọ̀ kọ́ ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ sí ẹsẹ̀ ògiri hàn mí. Ojoojúmọ́ ni mo ń gbá ibẹ̀, ìdọ̀tí lásán ni mo pè é. Ó ní bí igi bá dún gbọ̀ngbọ̀n bí agolo òfìfo, tí ọ̀dà bá wú, tí fèrèsé tó ń tì dáadáa lọ́gbẹlẹ̀ bá kọ̀ láti tì lójò, wàhálà ti dé. Ó ní díẹ̀díẹ̀ ni ikán ń jẹun, dooni dooni, ṣùgbọ́n kì í sinmi.

Ìgbà tí a fẹ́ mú fèrèsé ni mo ṣe ọgbọ́n àgbọ́njù. Mo ní ká má mú ti iwájú, ká mú èyí tó wà lẹ́yìn pátápátá, tó fara ti ògiri, kí bàbá mi má baà tètè rí i pé ọ̀kan dín. Bí a ṣe tú àpò rẹ̀, ìyẹ̀fun igi dà sílẹ̀. Ikán ti bá ẹsẹ̀ ògiri rìn láti ara fèrèsé tí a fi sílẹ̀ kó bàjẹ́, wọ́n sì ti dé ara fèrèsé Ìgbòho. Wọ́n ti jẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ tó ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan. Ìrókò gidi kì í tètè gbà fún ikán, káfíńtà ní ẹni tó ta igi yẹn ló ti fi igi funfun tí ikán fẹ́ràn tì í nísàlẹ̀.

Mo jókòó sílẹ̀, mo rẹ́rìn-ín, mo sì tún sunkún. Wọ́n máa ń sọ pé kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. A ò pẹ̀ka kankan. A kàn ń wé e ní àpò.

Káfíńtà gé ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ yẹn kúrò, ó wọn ojú fèrèsé wa, ó sì rí i pé èyí tó kù bá ibẹ̀ mu. Ó fi òróró ẹ́ńjìnnì tí mẹ̀káníìkì ti lò tán kun ẹ̀yìn férémù tó máa kan ògiri, ó sì da ìyókù sí ọ̀nà ikán. Kí wọ́n tó pe ìrun Àsárì, fèrèsé ìrókò ti wà lójú ògiri Marcory. Ìyá mi ṣí i, ó tì í, ó tún ṣí i. Ó wá fa bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ padà sí abẹ́ fèrèsé náà.

Bàbá mi dé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ka èyí tó kù, márùn-ún. Ó ní, "Ta ló fún ẹ láṣẹ?"

N kò kúnlẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn nínú ayé mi. Mo ní, "Ẹnikẹ́ni ò fún mi láṣẹ, Bàbá. Ibí ni ìyá mi ti ń mí. Ẹ bínú sí mi, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa yọ ọ́." Mo wá fi ìṣó náà lé e lọ́wọ́, ìṣó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ gan-an, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kó gún férémù àtijọ́ tó wà nílẹ̀. Ó gún un. Ó gún ègé tí a gé kúrò lára ti Ìgbòho náà. Ìṣó wọ inú méjèèjì títí dé orí.

Ó bínú jáde. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì, ó gbé márùn-ún tó kù kúrò lára ògiri, ó tò wọ́n sórí búlọ́ọ̀kù. Onílé tún wá, ó ní fèrèsé tuntun ti di ti ilé òun. Mo sọ fún un pé lọ́jọ́ tí a bá ń lọ a ó yọ ọ́ dání, àti pé kó jókòó máa retí ọjọ́ náà.

Òjò ńlá dé. Ní òwúrọ̀ àkọ́kọ́, mo bá bàbá mi níwájú fèrèsé, ó ń fi ọwọ́ pa ìsàlẹ̀ rẹ̀ wò bóyá omi wọlé. Ó gbẹ. Ìyá mi ṣì ń sùn, èémí rẹ̀ ń lọ geere. Láìwẹ̀yìn, bàbá mi bi mí pé, "Òróró yẹn, ẹ̀ẹ̀mélòó lọ́dún ni káfíńtà ní ká máa kùn ún?" Látìgbà náà, òun ló ń kùn ún. Bí òjò bá ku oṣù kan, á mú ìṣó wálé láti ọjà, á sì yí gbogbo fèrèsé àgbàlá ká, ó ń gún ìsàlẹ̀ wọn, títí kan ti àwọn aládùúgbò tí kò bẹ̀ ẹ́.

Ó tó ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà kí n tó tẹ̀lé e dé Ìgbòho, ìgbà àkọ́kọ́ mi. Ilé rẹ̀ ti parí. Fèrèsé márùn-ún wà lójú ògiri iwájú, ìkẹfà sì jẹ́ búlọ́ọ̀kù tí wọ́n fi dí ojú rẹ̀. Àwọn mọ̀lẹ́bí ń bi í pé kí ló dé tó fi irú ilé báyìí sílẹ̀ ní olójú kan. Mo tẹ orí mi ba, mo ń retí pé á dárúkọ mi.

Bàbá mi wo búlọ́ọ̀kù náà, kò sì gbé ohùn sókè. Ó ní, "Ó wà nílé mi ní Abidjan. Ibẹ̀ ni ìyàwó mi ti ń lò ó."