Ìbéèrè Tí Bàbá Mi Fi Pamọ́

Nílé wa ní Òmù-Àrán, àlejò kì í kàn jókòó jẹ ẹran bẹ́ẹ̀. Bàbá mi ti pẹ́ nínú iṣẹ́ tíṣà ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ, iṣẹ́ náà sì ti wọ̀ wọ́n lára débi pé wọn kò lè rí ẹnu tó fẹ́ jẹun kí wọ́n má bi í ní nǹkan. Wọ́n á jẹ́ kí ìyá mi gbé oúnjẹ síwájú àlejò, wọ́n á rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n á ní, “Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, amòye mélòó ló wá kí Jésù ní Bẹ́tílẹ́hẹ́mù?” Àlejò á ní mẹ́ta. Bàbá mi á mú ṣíbí, wọ́n á bu ẹran kan kúrò nínú àwo rẹ̀. Wọ́n á ní kó lọ tún Bíbélì rẹ̀ kà, ẹ̀bùn mẹ́ta ni wọ́n kọ síbẹ̀, kò sí ẹni tó ka orí àwọn amòye fún wa. Ojú mi ni ẹran ṣe kúrò níwájú pásítọ̀ wa lọ́jọ́ kan. Pásítọ̀ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò lára ẹran náà.

Bí gbogbo ìbéèrè wọn ṣe rí nìyẹn. Ìdáhùn tó bá kọ́kọ́ sáré wá sí ọ lẹ́nu, òun gan-an ni kì í ṣe òun. Àwa ọmọ ti mọ gbogbo wọn lórí, inú wa sì máa ń dùn tí àlejò bá kùnà, torí àwa la máa ń jẹ ẹran náà.

Nígbà tí orúkọ Kwara ṣì jẹ́ tuntun lẹ́nu wa, ọmọkùnrin kan tó jẹ́ ará Ìbàdàn, tó ń ṣe akọ̀wé rélùwéè ní Ọ̀fà, wá sílé wa nígbà Kérésìmesì nítorí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ràn rẹ̀. Kò sọ fún mi o, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń lọ aṣọ kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀mejì kó tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kí ló tún kù tí a ò mọ̀?

Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó kí wọn dáadáa. Ìyá mi gbé ìrẹsì síwájú rẹ̀, ẹran adìẹ mẹ́ta ló wà lórí rẹ̀, mo kà á.

“Lọ́jọ́ tí a gba òmìnira,” bàbá mi ní, “ẹkùn wo ni Òmù-Àrán yìí wà?”

Ọmọ Ìbàdàn kò tilẹ̀ mí. “Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ni, sà. Ṣebí Yorùbá ni yín.”

Ẹran kan lọ. Yorùbá ni wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n Ẹkùn Àríwá la wà, Kàdúná la ti ń gba àṣẹ. Bàbá mi tún bi í pé ta ni olórí orílẹ̀-èdè Nàìjíríà lọ́jọ́ náà. Ó dárúkọ olórí ìjọba. Ẹran kejì lọ, torí pé Ọbabìnrin ìlú Òyìnbó ni, ó sì tún lo ọdún mẹ́ta lórí wa lẹ́yìn tí a ti jó ijó òmìnira tán. Wọ́n wá bi í pé orúkọ wo ni wọ́n fún ìpínlẹ̀ wa lọ́jọ́ tí wọ́n dá a sílẹ̀. Ó fi ìdánilójú sọ pé Kwara ni. Ẹran kẹta lọ. Wẹ́sítì Sẹ́ńtírà ni rédíò kọ́kọ́ pè é, Kwara ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lẹ́yìn ìyẹn ni. Bí ọmọkùnrin náà ṣe jẹ ìrẹsì lásán lọ́jọ́ náà nìyẹn, ó sì tún dúpẹ́.

Nígbà tó lọ tán, bàbá mi ní, “Ọmọ dáadáa ni, ṣùgbọ́n ó máa ń yára dáhùn. Mi ò lè fi ọmọ mi fún ẹni tí kò mọ ibi tó dúró sí. Kó padà wá lẹ́yìn Ọdún Àjíǹde. Tó bá tún kùnà, kó gbájú mọ́ rélùwéè rẹ̀.”  Ẹ̀gbọ́n mi wọ ilé ìdáná lọ, ó ń gé àlùbọ́sà tí ẹnikẹ́ni kò ní kó gé.

Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an. Mo sì tún fẹ́ràn bisikíìtì. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan tí ọmọ Ìbàdàn wá sí ṣọ́ọ̀ṣì wa, mo fà á sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, mo fún un ní ewé méjì tí mo ya nínú ìwé ilé-ẹ̀kọ́ mi. Gbogbo ìbéèrè bàbá mi ló wà níbẹ̀, tìdáhùn-tìdáhùn. Odindi páálí bisikíìtì kan ló fi dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ọdún Àjíǹde kọjá, ó padà wá. Mo dúró síta lẹ́bàá fèrèsé, mo di ìka mi pọ̀, mò ń gbàdúrà. Àbí kí n má gbàdúrà! Ẹ̀gbọ́n mi wà lẹ́yìn kọ́tìnì yàrá, mò ń rí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n òmùgọ̀ lọkùnrin yìí. Kí bàbá mi tó bi í tán, ó ti ń dáhùn. Wọ́n ní, “Amòye...” ó ní, “Kò sẹ́ni tó mọ iye wọn, sà.” Bàbá mi yọ awò ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún wọ̀ ọ́. Wọ́n wo ẹran inú àwo náà, wọ́n wo ọmọkùnrin náà. Wọ́n wá rọra bi í ní ohun tí mi ò gbọ́ rí lẹ́nu wọn láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi.

“Ta ló gbẹ́ àwọn ère òkúta tó wà ní Èsìẹ́?”

 Èyí kò sí nínú ewé méjì yẹn! Ṣùgbọ́n Èsìẹ́ ni wọ́n ti bí ìyá mi, mo ti rí àwọn ère náà fúnra mi, kí ló tún le níbẹ̀? Mo na ọrùn láti ojú fèrèsé, mò ń fi ètè sọ fún un láìfọhùn pé, “Àwọn ará Èsìẹ́! Àwọn ará Èsìẹ́!” Ó rí mi. Ó gbójú kúrò lára mi.

“Mi ò mọ̀, sà,” ó ní. “Àwọn tó tẹ Èsìẹ́ dó gan-an, wọ́n bá àwọn ère náà ní ìjókòó níbẹ̀ ni. Wọn ò sì sọ ẹni tó gbé wọn jókòó.”

Inú bí mi pé kò gba tèmi. Ṣùgbọ́n bàbá mi ti dìde. Wọ́n dá ọ̀rọ̀ náà mọ̀, bí àwọn fúnra wọn ṣe gbọ́ ọ rí gan-an ló sọ ọ́. “Ìwọ tó wà lójú fèrèsé,” wọ́n ní, “wọlé.” Mo wọlé, mo kúnlẹ̀. “Ìwọ lo sọ fún un.”

Ẹ wo ìyà o. Nínú gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ tí mo dá, ọ̀kan ṣoṣo tí mi ò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ fi jẹ mí níyà. “Bàbá, mo bú­ra!” mo ké. “Àwọn yòókù nìkan ni mo sọ fún un! Mi ò sọ ti Èsìẹ́!” Ọmọ Ìbàdàn dorí kodò. Mo rò pé ó ti parí, pé èmi àti bisikíìtì mi la ti ba ọjà ẹ̀gbọ́n mi jẹ́.

Kọ́tìnì ṣí. Ẹ̀gbọ́n mi jáde, ó kúnlẹ̀ tì mí. “Èmi ni mo sọ fún un, Bàbá.”  “Mo fẹ́ ẹ ni.”

“Ta ló sọ fún ìwọ?”

Ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí ọ̀nà ilé ìdáná. Ohùn ìyá mi ló jáde láti ilé ìdáná. “Bàbá wọn, ẹ jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ jẹun. Ta ló sọ fún ẹ̀yin náà?”

Bàbá mi jókòó, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n fọwọ́ ara wọn bu ẹran mẹ́fà sínú àwo ọmọkùnrin náà, mẹ́ta tòní, mẹ́ta ti Kérésìmesì. Ohun tó wà nínú ẹ̀rín náà kò yé mi. Èmi ṣáà mọ̀ pé ẹran wa ló ń lọ yẹn, àti pé ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi pọn omi gbogbo ilé nítorí ewé méjì yẹn.

Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, ó kàn mí. Ọmọ ìlú wa kan láti Èkó rán ẹbí rẹ̀ sí wa pé òun fẹ́ mi, bàtà rẹ̀ sì ń dán. Èmi àti ìyá mi jọ ń pa ẹ̀gúsí lẹ́yìn ilé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n ní, “Bàbá yín á bi í ní ìbéèrè Èsìẹ́. O mọ ìdáhùn rẹ̀.”

“Ṣé kí n sọ fún un ni, Màmá?”

“Mi ò ní kó o sọ. Mi ò ní kó o má sọ.” Wọ́n gbọn èèpo ẹ̀gúsí kúrò lára wọn. “Nígbà tí bàbá yín wá fẹ́ mi, bàbá mi pè mí, wọ́n sọ ìbéèrè náà fún mi, wọ́n sọ ìdáhùn rẹ̀. Wọ́n ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n wá gba oko lọ, wọ́n fi èmi àti bàbá yín sílẹ̀ nílé.”

Mo dá ọwọ́ dúró.

“Ìbéèrè yẹn kì í ṣe ti ọkùnrin,” ìyá mi ní. “Èmi ni bàbá mi ń bi. Ká ní mi ò fẹ́ bàbá yín ni, ẹnu ni ǹ bá pa mọ́. Kò ní sí ẹni tó máa ní mo kọ ọkọ.”

Àṣé láti ọdún yìí wá, èmi tí wọ́n fi ìbéèrè tọ́ dàgbà, ìdáhùn tó kọ́kọ́ sáré wá ni mo dì mú. Mo rò pé ọgbọ́n orí ọkùnrin ni wọ́n ń wò.

Ará Èkó dé. Ó sọ ilé tó ń gbé, ó sọ ọ̀gá tó mọ̀ ọ́n, ó sọ iye ẹ̀rọ tó wà nínú ilé rẹ̀. Mo jókòó lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú abọ́ ọsàn, mò ń bó o. Bàbá mi bi í ta ló gbẹ́ ère Èsìẹ́. Ó yíjú sí mi, ó rẹ́rìn-ín, bí ẹni pé iṣẹ́ mi ni kí n ràn án lọ́wọ́. Mo bó ọsàn mi.

“Àwọn baba ńlá Èsìẹ́ ni, sà,” ó ní.

Bàbá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọn ò mú ẹran kankan kúrò. Wọ́n jẹ́ kó jẹun yó, wọ́n sìn ín dé ojú títì. Nígbà tí wọ́n padà dé, wọ́n jókòó tì mí lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n mú ọ̀kan nínú ọsàn tí mo bó, wọ́n sì mu ún tán kí wọ́n tó sọ̀rọ̀.

“Ó dáa,” wọ́n ní. “A ti gbọ́.”