Ìyá Mi Lórí Ìtàgé

Kékeré ni mo wà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ ọ̀nà oko kòkó bàbá mi, nígbà tí àwọn onítíátà máa ń wá sí Ìdànrè. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ̀ ń wo fíìmù nínú fóònù, tí ẹ̀ ń dá nìkan rẹ́rìn-ín bíi wèrè, ẹ ò lè mọ adùn rẹ̀! Ìgbà tí a bá ti ta kòkó tán ni ọkọ̀ wọn máa ń dé. Wọ́n á máa fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn kígbe káàkiri ìlú, àpáta á sì máa dá wọn lóhùn. Àwọn alágbàṣe á ti abà wá. Oníkálukú á gbé àga tirẹ̀ láti ilé; ẹni tó bá pẹ́ dé, gèlè onígèlè ni yóò máa wò. Áà, ayé dùn!

Irú àwọn onítíátà bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bá lọ láì dágbére. Ilé Aládùúrà nilé wa. Lójú bàbá mi, alágbe ni onítíátà. Ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dárúkọ ọmọ náà mọ́. Màámi ò bá a jiyàn, ṣùgbọ́n àdúrà kan ṣoṣo ló ń gbà: kí ọmọ òun padà wálé.

Lọ́dún kejì, wọ́n tún dé. Màámi, tí kò wo eré rí láyé rẹ̀, fà mí lọ́wọ́, ó ní fún bàbá mi pé ìpàdé àdúrà là ń lọ. Bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe jáde lórí ìtàgé nìyẹn, nínú aṣọ olorì. Ó rẹwà débi pé omi bọ́ lójú mi. Kò pẹ́, orogún rẹ̀ fún un ní májèlé mu, ó ṣubú, ó kú.

Ha! Màámi ò dúró gbọ́ ìyókù. Ó gun orí ìtàgé, ó yọ ìgò omi ìyè tó máa ń gbé kiri, ó dà á sí ọmọ rẹ̀ lórí, ó ń fi èdè Ìdànrè pariwo pé ikú ò lè mú un. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín títí, wọ́n rò pé ara eré ni. Ẹ̀gbọ́n mi lajú. Ojú tì í. Ó dìde jókòó, ó fi èdè Ọ̀yọ́ tí wọ́n ti kọ́ ọ sọ fún ìyá tó bí i pé, "Ẹ dákun, ìyá, eré là ń ṣe o." Àtẹ́wọ́ ro gbàá.

Màámi ò bínú. Ńṣe ló ń sọ fún mi bí a ṣe ń lọ sílé pé, "Ó dìde, àbí o ò rí i?" Láàárọ̀, ó rán mi sí ẹ̀gbọ́n mi pé kó wá bẹ bàbá. Ẹ̀gbọ́n mi ní tí àwọn bá ti Bìní dé, òun á wálé.

Ọkọ̀ wọn dojú dé nítòsí Ofosu, lọ́nà Bìní. Àwọn alàgbà ìjọ ló wá túfọ̀. Bàbá mi, ẹni tó ní a ò gbọdọ̀ dárúkọ rẹ̀, ké orúkọ náà títí ohùn rẹ̀ fi há.

Lónìí, òbí òṣèré ló ń gbé fọ́tò ọmọ kiri, ìjọ á sì bá a ṣe ìdúpẹ́. Ayé ti yí, ó sì dùn mọ́ mi. Àwọn ọmọ-ọmọ mi máa ń gbé fóònù wá kí n wo eré, mo sì máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni bá ti kú nínú rẹ̀, mo máa ń dìde kúrò níbẹ̀. Ó ń dùn mí títí dòní. Ọjọ́ tí wọ́n gbé òkú ẹ̀gbọ́n mi wọlé, Màámi ò sunkún. Ó wò ó, ó yíjú sí àwọn alàgbà, ó sì fi èdè Ọ̀yọ́ sọ fún wọn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, "Ẹ dákun, eré ni wọ́n ń ṣe o." Ló bá fa àga, ó jókòó tì í, ó ń dúró kó dìde.