Èmi Ni Mo Ní Ara Rẹ̀ Le

Bí o bá jáde ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin Dagenham Heathway lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, òórùn ẹja díndín àti fínígà ni yóò kọ́kọ́ pàdé rẹ, kí etí rẹ tó gba ariwo bọ́ọ̀sì. Ibẹ̀ ni mo wà lọ́jọ́ náà, mò ń ti ibi iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó bọ̀, ẹsẹ̀ mi ti wú nínú bàtà, nígbà tí ọkọ̀ tuntun kan rọra yà sí àyè tí wọ́n fi ọ̀dà sàmì sí fún àwọn aláàbọ̀ ara níwájú àwọn ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó bọ́ sílẹ̀ kì í ṣe arúgbó, kò sì mú ọ̀pá lọ́wọ́. Arábìnrin kan tó wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ Aládùúrà wa ni, kò tíì pé ogójì ọdún. Ó gbé káàdì aláwọ̀ búlúù tí ìjọba ń fún aláàbọ̀ ara síwájú gíláàsì, ó tún gèlè rẹ̀ ṣe, ó wọ ṣọ́ọ̀bù lọ.

N kò ní purọ́ fún ọ, inú bí mi. Ọkọ̀ tèmi ti kú sẹ́yìn ilé láti ìgbà òtútù èṣí, bọ́ọ̀sì àti rélùwéè ni mo fi ń ṣẹsẹ̀ rìn. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, bí àwa obìnrin mélòó kan ti ń fọ abọ́ nínú ilé ìdáná ṣọ́ọ̀ṣì, mo gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀.

"Ẹni tó ń fò sókè bó bá ń kọrin, òun náà ni wọ́n ń pè ní aláàbọ̀ ara? Ara rẹ̀ le ju tèmi lọ! Owó orí wa ni wọ́n fi ń fún wọn ní ọkọ̀ ọ̀fẹ́ kiri."

Màmá àgbà tó jẹ́ olórí àwọn tó ń se oúnjẹ ìjọ bú sẹ́rìn-ín. "London yìí! Ẹni tó bá gbọ́n ló ń jẹ ẹ́."

Èmi náà rẹ́rìn-ín, àfi ìgbà tí mo yíjú tí mo rí arábìnrin náà lẹ́nu ọ̀nà, ó kó ife lọ́wọ́. Ó rọra kó wọn sílẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àǹtí mi," ló sọ, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ó yẹ kí n sáré tẹ̀ lé e. Abọ́ ni mo ń fọ̀ lọ.

Láti ọjọ́ náà, n kò rí ọkọ̀ yẹn níwájú ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Mo rò pé wọ́n ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ni, ojú sì ń tì mí láti sọ pé ó dùn mọ́ mi díẹ̀. Bí oṣù kan lẹ́yìn náà, mò ń kọjá ní àdúgbò Goresbrook nínú afẹ́fẹ́ tútù tó ń gé ni létí, ni mo bá arábìnrin náà níbi tó jókòó sí lórí ògiri kúkúrú níwájú ilé onílé. Àpò ọjà rẹ̀ ti dà sílẹ̀. Nínú òtútù yẹn, òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀.

"Kí ló ṣe ọ́?"

"Ìbàdí mi ni, Àǹtí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì gbé mi dìde."

Ibẹ̀ ló ti sọ fún mi, ọ̀rọ̀ díẹ̀, ìmí díẹ̀, pé àrùn ẹ̀jẹ̀ fòníkúfọ̀ladìde ni wọ́n bí mọ́ òun, àìsàn náà sì ti jẹ egungun ìbàdí òun. Lónìí òun á rìn, òun á jó. Lọ́la, láti orí bẹ́ẹ̀dì dé ilé ìwẹ̀ á di ìrìn àjò. Ọkọ̀ náà kì í ṣe ọ̀fẹ́ rárá: owó tí ìjọba ń fún un nítorí àìlèrìn ni wọ́n ń yọ lóṣooṣù láti fi yá a, bó bá sì tó àsìkò, yóò dá ọkọ̀ padà.

"Ọkọ̀ ọ̀hún wá dà?"

"Ó wà níwájú ilé. Ojú àwọn èèyàn ló sú mi."

Kò dárúkọ mi. Ì bá sàn kó bú mi.

Mo pe áńbúláǹsì, mo sì bá a lọ. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló lò ní ọsibítù. Lọ́jọ́ kẹta mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, èmi tí mo fi ọdún púpọ̀ jù ú lọ. "Àǹtí, ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́," ló ń sọ ṣáá. Mo dìde, mo sì rò pé mo ti mọ bí mo ṣe máa tún àṣìṣe mi ṣe. Lọ́jọ́ Ìsinmi, nínú ilé ìdáná, mo ro gbogbo rẹ̀ fún wọn: ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ìbàdí rẹ̀, ìrora rẹ̀. Màmá àgbà sunkún. Nígbà tí arábìnrin náà padà wá, gbogbo wọn rọ́ bò ó. Ẹnìkan gbé ọwọ́ lé e ní ìbàdí, ó ń gbàdúrà. Ẹlòmíràn ń bi í bóyá àwọn òbí rẹ̀ kò yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí wọ́n tó fẹ́ra ni.

Ó pè mí síta, ó fara ti ọkọ̀ rẹ̀ tó ti tún gbé wá.

"Àǹtí, mo mọ̀ pé ire lẹ rò. Ṣùgbọ́n ṣé dandan ni kí gbogbo ìjọ mọ egungun mi kí n tó lè gbé ọkọ̀ síbi tó tọ́ sí mi?"

Mo ti kọ́kọ́ fẹ̀sùn kàn án láìmọ̀dí. Nígbà tí mo fẹ́ gbèjà rẹ̀, mo tú u síhòòhò lójú ayé. Nínú méjèèjì, mo rò pé èmi ni ó yẹ kó ṣàlàyé ara rẹ̀ fún.

A ti jọ ń kí ara wa dáadáa báyìí, ṣùgbọ́n n kò tún béèrè nípa ara rẹ̀ lójú èèyàn. Láìpẹ́ yìí, obìnrin kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ nawọ́ sí ọkùnrin kan tó ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn kúrò nínú àyè ọkọ̀ àwọn aláàbọ̀ ara. "Wo eléyìí! Kí ló ń ṣe é ná?"

"N kò mọ̀," mo dáhùn. "Àwọn tó fún un ní káàdì ti bi í."