Ọjọ́ Tí Ìyá Mi Yẹ Kìnnìún Wò ní Danmagaji

Bàbá Sàlámì ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé ọkọ̀ a máa bọ́ awọ bí ejò. Iṣẹ́ pánẹ́ẹ̀lì-bítà ni wọ́n ń ṣe ní Kwangila, wọ́n sì ti ń lu bọ́dì ọkọ̀ kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń wọ ṣòkòtò. Wọ́n ní àwọn kan wà tó jẹ́ pé wọ́n á gbé bọ́dì ọkọ̀ kan, wọ́n á gbé e lé egungun abẹ́ ọkọ̀ mìíràn, èyí tí wọ́n ń pè ní ṣásì, wọ́n á kùn ún kó máa dán, wọ́n á sì tà á fún aláìmọ̀kan pé bó ṣe wà látilẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀rín ni mo rín. Mo ní, "Bàbá, ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀ àlọ́ yín!"

Ẹ fìdí mọ́lẹ̀, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, kí n sọ bí àlọ́ yẹn ṣe ṣẹlẹ̀ sí èmi fúnra mi. N kò ní kánjú sọ ọ́ o.

Ìlọrin ni bàbá mi ti wá tajà sí Sábó ní Zaria, kí Ọlọ́hun kẹ́ wọn. Ọwọ́ òyìnbó olùkọ́ kan tó ń padà sílé ni wọ́n ti ra ọkọ̀ Amẹ́ríkà kan: pupa, onílẹ̀kùn méjì, imú rẹ̀ gùn, sílíńdà mẹ́jọ ló wà nínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Bí wọ́n bá ṣáná sí i láàárọ̀, adìyẹ á sá, ọmọ ọwọ́ á jí! Àwọn Hausa àdúgbò ń pè é ní Zaki, àwa ń pè é ní Kìnnìún. Ta ni kò mọ Kìnnìún ní Sábó nígbà náà?

Ìyá mi kì í sì í jẹ́ kó jáde lásán. Ẹ ṣáà mọ àwọn ìyá Ìlọrin! Bí bàbá mi bá ti jókòó sídìí ọkọ̀, ìyá mi á dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á máa kì í bí ẹni ń ki ọmọ ọkùnrin:

Kìnnìún onílẹ̀kùn méjì,
A-bú-ramúramù-jí-ará-Sábó.
Ó pàdé màlúù ní Jààjí, ó gbàpá sí èjìká bí ológun.
Ó já sí kòtò Fúntùà, egungun ìdí rẹ̀ kán,
Sàlámì tò ó, ó dìde.
Ó ru ẹrù ọjà Kánò, kò mí hẹlẹ.

Gbogbo ohun tí ojú ọkọ̀ yẹn bá rí, inú oríkì ló ń bọ́ sí. Màlúù kan kọ lù ú lóòótọ́ ní Jààjí. Ṣásì rẹ̀ kán lóòótọ́ lọ́nà Fúntùà, Bàbá Sàlámì yìí náà ló sì jó o pọ̀. Àmọ́ nígbà tí àwa ọmọ mẹ́ta wọ yunifásítì lẹ́ẹ̀kan náà, bàbá mi tà á. Ìyá mi kò dúró lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ náà. Wọ́n kàn wọlé, wọ́n ti ilẹ̀kùn.

Ó di ọdún tó kọjá. Mo ń wo àwọn ọkọ̀ àtijọ́ tí wọ́n ń tà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì (ojú ò kúkú ń sanwó), ni mo bá rí Kìnnìún! Pupa, ilẹ̀kùn méjì, imú gígùn. Danmagaji ní Zaria níbí ló wà! Ẹni tó ń tà á kọ ọ́ gàdàgbà pé orijíná ni, bọ́dì àti ṣásì, wọn ò pààrọ̀ nǹkan kan. Ó ya fọ́tò nọ́ńbà ṣásì síbẹ̀. Mo sáré tú àpótí ìyá mi, mo yọ ìwé ọkọ̀ bàbá mi jáde. Nọ́ńbà bá nọ́ńbà mu láìyẹ̀!

Mo gbé fóònù lọ bá ìyá mi. Wọ́n wọ awò ojú wọn, wọ́n wò ó títí.

"Ó jọ ọ́," ni wọ́n wí. "Ṣùgbọ́n Àlàó, má gbé ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ wá síbí kí n máa kì í o. Ṣé o fẹ́ kí n máa fi oríkì ilé mi kí àlejò ni? Bó bá jẹ́ Kìnnìún ni, mo fẹ́ kì í lẹ́ẹ̀kan sí i kí n tó lọ bá bàbá yín. Bí kì í bá ṣe òun, jẹ́ kí ẹnu mi wà jẹ́ẹ́."

Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ ti kúrò ní kékeré. Bí mo bá lọ ra ọkọ̀ èké, mo ti sọ ìyá mi di ẹni tó ń ki ẹni tí kò mọ̀.

Kí ló yẹ kí ọlọ́gbọ́n ṣe? Kó panu mọ́, kó béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tajà! Kí ni èmi ṣe? Mo pe Músíbáù, ọ̀dọ́kùnrin tó ni ọkọ̀ náà, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Zaria bíi tèmi, tí Hausa pọ̀ lẹ́nu rẹ̀ ju Yorùbá lọ. Inú mi dùn débi pé mo fi ohùn ránṣẹ́ sí i lórí Wọ́sáàpù. Mo ki Kìnnìún fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin! Mo túmọ̀ rẹ̀ sí Hausa fún un, mo sì fi kún un pé kó bá mi wo èjìká ọ̀tún, lókè táyà iwájú, bóyá àpá màlúù ṣì wà níbẹ̀.

Kò fèsì lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ kejì ló tó pè mí: "Wàláhì Alhaji, àpá wà níbẹ̀! Ẹ máa bọ̀ ní Sátidé, ẹ ó fojú ara yín rí i."

Ẹ ti ń rẹ́rìn-ín, àbí? Ẹ rọra o. Ayọ̀ ló ń pa mí lọ́jọ́ náà.

Ní Sátidé, mo gbé ìyá mi àti Bàbá Sàlámì, ó di Danmagaji. Ọkọ̀ wà lábẹ́ igi dogoyárò, ó ń dán yinrin. Ìyá mi yí i po lẹ́ẹ̀mejì. Músíbáù kúnlẹ̀ kí wọn dáadáa, ó sì fà wọ́n lọ sí èjìká ọ̀tún.

"Hájíà, ẹ wo àpá màlúù yín!"

Lóòótọ́, ibẹ̀ tẹ̀ wọnú. Ọkàn mi fò fún ayọ̀. Ìyá mi yíjú sí mi.

"Àlàó, ta ló sọ fún un pé ọ̀tún ni?"

"Èmi ni, Màmá. Ṣebí ọ̀tún ni."

"Ọ̀tún ta ni? Iwájú ọkọ̀ ni ìwọ máa ń dúró sí ní kékeré, tí wàá máa wo ojú rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ, òsì ọkọ̀ ni. Ẹ̀gbẹ́ ibi tí bàbá yín ti ń wakọ̀ ni màlúù ti kọ lù ú!"

Háà! Bàbá Sàlámì ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n fi èékánná ha ojú àpá náà, wọ́n gbóòórùn ìka wọn. Wọ́n ní ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ni wọ́n fi pa á kó lè dà bí ohun àtijọ́, pé àpá náà kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan.

"Ẹni tó lù ú gbìyànjú," ni wọ́n wí, "àmọ́ háńmà rẹ̀ kéré. Màlúù wo ló ní irú orí báyìí?"

"Ewúrẹ́ ni!" ni ìyá mi dáhùn.

Músíbáù ń họ orí. "Hàbá, Bàbá! Alhaji fúnra wọn ló kọ́ mi. Mo rò pé inú Hájíà á dùn ni."

Ẹ gbọ́ nǹkan! Àpá tó wà lára ọkọ̀, ẹnu mi ló ti jáde, àṣìṣe inú rẹ̀ pẹ̀lú!

Bàbá Sàlámì ká kápẹ́ẹ̀tì inú búùtù sókè. Lábẹ́ rẹ̀, àwọ̀ ewé ló wà, kò pupa rárá. Ìgbà yẹn ni Músíbáù jẹ́wọ́. Ó ní bọ́dì yẹn, Jos ni òun ti rà á. Ṣásì àti nọ́ńbà ara rẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta àlòkù irin ni òun ti rí i, ìpata ti jẹ bọ́dì tirẹ̀ tán.

Inú bí mi. Mo ní ká máa lọ. Ìyá mi ní kí n dúró ná. Wọ́n ní, "Sàlámì, wo abẹ́ rẹ̀ fún mi."

Baba arúgbó tẹ́ àpò sílẹ̀, wọ́n wọ abẹ́ ọkọ̀, ẹsẹ̀ wọn nìkan là ń rí. Ó pẹ́ díẹ̀. Ni a bá gbọ́ ẹ̀rín lábẹ́ ọkọ̀!

"Ìyá Àlàó! Irin bẹ́ẹ̀dì yín rèé o!"

Èmi náà dọ̀bálẹ̀, mo wò ó. Ibi tí ṣásì ti kán, irin gbọọrọ kan ni wọ́n fi jó o pọ̀, ihò wínníwínní tò lára rẹ̀, irú èyí tí wọ́n máa ń fi sípíríǹgì bẹ́ẹ̀dì kọ́. N kò mọ̀ ọ́n rí láyé mi, kò sí nínú oríkì, n kò sì lè ti sọ ọ́ fún Músíbáù. Bàbá Sàlámì ní kò sí irin mìíràn nílé lọ́jọ́ tí ṣásì kán, bàbá mi sì gbọ́dọ̀ lọ ọjà Kánò lọ́jọ́ kejì, ni àwọn fi gé irin bẹ́ẹ̀dì.

"Mo rántí!" ni ìyá mi pariwo. "Odindi oṣù kan ni mo fi sùn sórí ẹní!"

Wọ́n wo Músíbáù, wọ́n wo ọkọ̀, wọ́n ní, "Ìdílé là ń kì, a kì í ki ẹ̀wù. Egungun yìí tiwa ni. Ṣùgbọ́n Sàlámì, lu àpá ewúrẹ́ yẹn jáde kó tó kúrò níbí."

Ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n lù ú. Músíbáù tún ohun tó kọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì kọ níṣojú wa, ó ní bọ́dì kì í ṣe ti ṣásì, iye owó náà sì wálẹ̀ bó ṣe yẹ. Mo rà á.

Mo ṣáná sí i. Ìyá mi dúró níwájú rẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kì í. Nígbà tí wọ́n dé ibi màlúù Jààjí, wọ́n fò ó, wọ́n bọ́ sí kòtò Fúntùà. Ara tí màlúù kàn kò sí níbẹ̀ mọ́, wọn ò sì ní torí ayọ̀ purọ́ fún ọkọ̀.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ rèé: bí ẹ bá rí nǹkan àtijọ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń tà á ṣàlàyé rẹ̀ fún yín. Ẹ má ṣàlàyé rẹ̀ fún un! Nọ́ńbà ò tó, kíkùn ò tó. Ẹ wo abẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì mú ẹni tó mọ̀ ọ́n nígbà èwe rẹ̀ dání.

Èmi ti sọ tèmi. Ẹ̀yin tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí, ẹ kọ tiyín sísàlẹ̀ ká jọ rẹ́rìn-ín. Àwọn àbúrò mi ṣì ń bá mi jà pé ọkọ̀ àjèjì ni mo rà. Ìwọ tí ò ń ka èyí ńkọ́: bí egungun bá jẹ́ ti baba rẹ, tí awọ jẹ́ ti ẹlòmíràn, ṣé wàá kì í?