Bọ́tìnnì Tó Pa Oríkì Rẹ́

Kí fóònù alágbèéká tó dé Ìlá, kásẹ́ẹ̀tì ni ìyá bàbá mi fi ń ránṣẹ́ sí àbúrò bàbá mi l'Ékòó. Èmi ni mo ń bá wọn gbà á sílẹ̀. Wọ́n á sún mọ́ rẹkọ́dà bí ẹni tó fẹ́ sọ àṣírí, wọ́n á ki ọmọ wọn ní oríkì títí, kí wọ́n tó kan ọ̀rọ̀ iṣu àti òrùlé tó ń jò.

Gbogbo bọ́tìnnì rẹkọ́dà náà ló dúdú, àkọlé ara wọn sì ti parẹ́. Lọ́jọ́ kan, mo dá kásẹ́ẹ̀tì padà sí ìbẹ̀rẹ̀ kí n lè gbọ́ ọ, àṣé bọ́tìnnì tó ń gba ohùn sílẹ̀ ni mo tẹ̀. Kí n tó fura, oríkì ti lọ, igbe ewúrẹ́ ló kù níbẹ̀.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ tún un kì."

Wọ́n ní, "Ó ti rẹ̀ mí. Fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀."

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, kásẹ́ẹ̀tì èsì dé. Àbúrò bàbá mi kò kí ẹnikẹ́ni. Ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé, "Màmá, kí ni mo fi ṣẹ̀ yín?"

Lónìí, iṣẹ́ mi ni kí n máa ya bọ́tìnnì sínú áàpù fóònù. Mo máa ń jẹ́ kí "Fi pamọ́" jìnnà sí "Fagi lé e", kí àwọ̀ wọn má sì jọra. Àwọn ọ̀dọ́ tí a jọ ń ṣiṣẹ́ máa ń sọ pé mo ti le jù lórí bọ́tìnnì lásán. Wọn ò gbọ́ ohùn àbúrò bàbá mi nínú kásẹ́ẹ̀tì yẹn.