Ẹ̀wù tí Kò Sí Nínú Àpótí

Ìyá Aránṣọ ti fẹ̀yìn tì, kò gba iṣẹ́ oníbàárà mọ́. Aṣọ kan ṣoṣo ló kù lórí maṣíìnì rẹ̀: aṣọ ìdílé. Òun àti ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì tí gbogbo wọn ń pè ní Tíṣà, ni wọ́n jọ ń wá orírun wọn jọ de àwọn ọmọ tí wọn kò tíì bí. Tíṣà á wádìí ẹni tó bí ẹni; Ìyá Aránṣọ á wá gé díẹ̀ lára aṣọ tí ẹni náà wọ̀ nígbà ayé rẹ̀, á so wọ́n pọ̀, àwọn baba ńlá lókè, àwọn ọmọ nísàlẹ̀. Tíṣà máa ń ṣe yẹ̀yẹ́ pé àwọn nìkan ni ìdílé tó ṣe é ká sábẹ́ apá.

Lọ́jọ́ kan, Ìyá Aránṣọ lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ẹni tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. Ẹ̀gbọ́n ní kó ṣí àpótí inú yàrá, kó mú ohun tó bá wù ú. Ó mú ìró ìyá wọn, ó mú ṣòkòtò bàbá wọn. Bó ṣe ń pa àpótí dé, ojú rẹ̀ bá ẹ̀wù ọmọdé kan lórí àga ẹ̀gbẹ́ ibùsùn. Ó dá a mọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló rán an fún ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí Ẹ̀gbọ́n bí, èyí tí ikú mú kó tó jáde ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn, torí àyè ọmọ náà ṣì ṣófo lára aṣọ ìdílé. Ó ká a mọ́ ìyókù. Inú àpótí ni Ẹ̀gbọ́n ní kó ti mú nǹkan; kò ní kó mú torí àga. Kò béèrè.

Nílé, ó ṣe bí iṣẹ́ ṣe kọ́ ọ. A kì í so ògbólógbòó aṣọ mọ́ òmíràn láìfọ̀ ọ́, kí aró rẹ̀ má baà ràn. Ó fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, ó sá a, ó lọ̀ ọ́, ó sì gé ègé onígun mẹ́rin kan tó jọjú láti apá òsì àyà rẹ̀.

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, fóònù dún. Ohùn Ẹ̀gbọ́n rẹlẹ̀.

“Àbúrò mi, o ò rí ẹ̀wù kékeré kan lórí àga mi? Abẹ́ ìrọ̀rí ló máa ń wà. Mi ò fọ̀ ọ́ rí látọjọ́ tọ́mọ yẹn ti bọ́ ọ sílẹ̀.”

Ẹ̀wù náà wà lórí itan Ìyá Aránṣọ bó ṣe ń dáhùn pé òun máa wò ó wò.

Nígbà tó sọ ọ́ fún Tíṣà, Tíṣà ní kó rán ègé náà padà sáyè rẹ̀, kó sì panu mọ́. Ṣebí Ìyá Aránṣọ ló máa ń yangàn pé òun lè lẹ aṣọ tí ẹni tó ni ín ò ní mọ ibi tó ti ya? Ojú Ẹ̀gbọ́n ò kúkú ríran. Ó rán an lóòótọ́. Rírán náà tẹ́jú débi pé ojú bẹ̀rẹ̀ sí í tì í. Ó gbé e símú: ọṣẹ, àti ooru áyọ́ọ̀nù. Òun náà ti sin ọkọ. Ó mọ̀ pé ojú máa ń gbàgbé kí imú tó gbàgbé. Ó tilẹ̀ rò ó pé kóun fi ìpara ọmọdé díẹ̀ ra á lára. Ìgbà tó bá ara rẹ̀ níbi tó ti ń ṣí ìdérí ìpara ló tó mọ irú èèyàn tóun fẹ́ dà. Ó dé e padà, ó wọ bàtà.

Ó bá Ẹ̀gbọ́n lẹ́nu ọ̀nà, ó kúnlẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni mo mú un. Mo gé e. Mo sì ti fọ̀ ọ́.”

Ẹ̀gbọ́n fọwọ́ wá ojú rírán náà títí, kò rí i. Ó ní ọwọ́ àbúrò òun ò tíì di ọwọ́ arúgbó. Lẹ́yìn náà ló gbé ẹ̀wù símú, ó sì pẹ́ níbẹ̀.

“Ọṣẹ rẹ ni mò ń gbọ́ òórùn ẹ̀,” ló wí. “Ti gígé yẹn, mi ò bá tí mọ̀.”

Ìbá ṣe pé ó bú u, ara ì bá tù ú. Kò bú u. Ó ká ẹ̀wù náà, ó nà án sí i.

“Gbé e lọ. Ó ti di aṣọ lásán lọ́wọ́ mi. Àmọ́ odindi ni kó o rán an mọ́ aṣọ ìdílé. Má tún fi àlùmọ́gàjí kàn án.”

Odindi ló wà níbẹ̀ lónìí, tọrùn tapá, ó gba àyè ẹni mẹ́ta. Àwọn ọmọọmọ a máa bi í pé kí ló dé tí tẹni yìí ò fi jẹ́ àbùlẹ̀ bíi ti àwọn yòókù. Á sọ fún wọn nípa ọmọ tó máa ń jẹ bọ́tìnì ọrùn ẹ̀wù rẹ̀, bóun bá sì pààrọ̀ bọ́tìnì náà, á tún jẹ ẹ́. Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Èyí tójú rẹ̀ mú jù nínú wọn ti fìka kan ojú rírán ibi àyà, ó ní ta ló ya á. Ìyá Aránṣọ ní òun ni. Ọmọ náà ń dúró kó sọ ìyókù. Ìyá Aránṣọ gbé ibi àyà ẹ̀wù náà símú.